Mo Ti Bá Ọ Bẹ Olóyè Olúbọ̀dé

Abúlé Ìrókò Méjì,
Lẹ́yìn Owódé Ẹ̀gbá.
Oṣù Kẹwàá, 1982.

Sàlàhúdíìnì ọmọ mi, Àjàlá ọmọ Àmúdà,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó tí o wà yẹn? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé ikọ́ àárọ̀ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Títílọlá ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé oyún inú rẹ̀ kò dà á láàmú? Èmi Sàfúrátù ìyá rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, nítorí náà bí o bá rí ìlà kan tó ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, má fi mí ṣe ẹ̀sín. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ibi tí o bá jókòó sí, alúbáríkà ni yóò bá ọ jókòó, ibi tí o bá sì ti dìde, wọn kò ní fi ẹlòmíràn dípò rẹ. Àmín.

Ilé dára. Ewúrẹ́ dúdú tí o rà fún mi ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, mo sì ti fi abo náà ṣe tìrẹ, kí o lè máa rántí pé o ní ẹran nílé. Òjò ọdún yìí pọ̀, orí ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ta dáadáa. Igi ọsàn tí bàbá rẹ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí so lọ́dún yìí bí kò ṣe so rí. Àwọn ọmọ abúlé ń ká a, mo ń pariwo mọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé torí kí àwọn ọmọ lè máa ká a náà ni bàbá rẹ ṣe gbìn ín síta, n ó sì dákẹ́. Nígbà tó wà láyé, bí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, abẹ́ igi yẹn ló máa ń jókòó sí, yóò gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, yóò sì máa dá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lóhùn bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Mo bá a jà títí lórí ìyẹn. Báyìí tí kò sí mọ́, èmi náà ń dá wọn lóhùn.

Mọ́níkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní kí n kí ọ. O mọ̀ ọ́n, òun ni a jọ ń pa aṣọ láró ní Igbein ní Abẹ́òkúta kí n tó kó wá sí abúlé bàbá rẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, mọ́ṣáláṣí lèmi ń lọ, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni ọwọ́ àwa méjèèjì ti dúdú. Ó ṣì wà nínú àgbàlá ìyá mi ní Igbein, òun àti àwọn aláró yòókù, wọ́n ń tọ́jú àwọn ìkòkò wa. Tó bá di ọjọ́ ọjà Owódé, yóò kó aṣọ wá, a ó jọ tà á, yóò sì sùn lọ́dọ̀ mi. A máa ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wa títí oorun á fi gbé ọ̀kan lọ, èkejì á sì máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò rèé. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo gbé aṣọ lọ sí Owódé, mo dé ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, mo rí àwòrán ojú rẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó tóbi, ó wọ fìlà tí mo rán sí ọ lọ́dún Iléyá, ó ń rẹ́rìn-ín. Àjàlá, mo rò pé o ti kú ni. Níbí wa yìí, àwòrán ta ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí kò ṣe ti ẹni tó ti kú, tí wọ́n fẹ́ ṣe òkú rẹ̀? Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo fi ìborùn bojú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ pé kó wá wo ohun tó dé bá mi. Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ ti ń bá mi sunkún kí ó tó béèrè pé kí ló dé. Mo mọ̀wé kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú mi. Tíṣà Dìran ló sáré dé, ẹni tó ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní Owódé, ó kà á sókè fún mi. Ó ní o kò kú o. Ó ní Ẹgbẹ́ Àkàbà ló dìbò yàn ọ́ láti jẹ́ aṣáájú wọn ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa, pé ìwọ ni olórí àwọn alátakò báyìí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o kò kú. Mo gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára. Mo wá ní kí Dìran fún mi ní orúkọ àwọn tó dìbò fún ọ, kí n lè lọ máa kí wọn láti ojúlé dé ojúlé. Ó ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, pé kò sí ẹni tó mọ ẹni tó dì í. Mo ní irú èèyàn wo ló ń ṣe ni lóore tó ń sá pamọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Nígbà tí n kò mọ ẹni tí ǹ bá kí, gbogbo ẹni tí mo pàdé lọ́nà ilé ni mo ń kí pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi, títí kan awakọ̀ kan tó jẹ́ ará Ẹgbẹ́ Kànga tó ń ṣe ìjọba. Ó ní kò tọ́pẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ yẹn ni kò yé mi. Mo bi Dìran pé kí ni olórí àwọn alátakò ń ṣe láàárọ̀ tó bá jí. Ó ní ó ń takò ni. Ó ní ohun tí ìjọba bá sọ, òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì sọ ibi tí kò ti dára. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó ní títí àwọn ará ìlú á fi dìbò tí òun náà á fi di ìjọba. Mo ní ta ni yóò wá máa takò ó nígbà náà? Ó ní àwọn tó ń takò báyìí náà ni. Mo ní ṣé kò sí àgbàlagbà kan láàárín wọn ni, tí yóò pe tọ̀tún tòsì jókòó, kí ọ̀rọ̀ náà parí lẹ́ẹ̀kan? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní àti pé kí ló tilẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín kànga àti àkàbà. Bí ọmọ bá jìn sí kànga, ṣé kì í ṣe àkàbà la máa fi yọ ọ́ ni? Dìran kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Màmá, ẹ dákun, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni kí ìbò ọdún tó ń bọ̀ tó kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé rédíò bàbá rẹ lọ sábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n ní ìjọba pe àwọn aṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ sí ìpàdé ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni olórí àwọn alátakò ti dìde, tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì bọ́ síta. Wọ́n dárúkọ rẹ. Mo bá rédíò náà sọ̀rọ̀, mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo tọ́ kò lè kúrò láàárín àgbà láìdágbére. Obìnrin inú rẹ̀ tún un sọ. Mo pa rédíò náà. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ iṣu tí mo sè.

Mo wá rántí Igbein. Ṣé ìwọ náà ṣì rántí àgbàlá ìyá mi, tí wọ́n ri àwọn ìkòkò aró mọ́lẹ̀ dé ọrùn, tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí omi gọ́tà iwájú ilé sì máa ń ṣàn ní àwọ̀ aró? O máa ń ki ẹsẹ̀ bọ gọ́tà yẹn kí o tó lọ sí ilé kéwú, ààfáà á sì dá ọ padà sílé pé kí o wá fọ ẹsẹ̀. Òórùn elú, ewé tí a fi ń ṣe aró, máa ń wà nínú irun mi, nínú ọbẹ̀, nínú ẹní tí a ń sùn lé. Bàbá rẹ ní ìgbà tí òun ń fẹ́ mi sọ́nà, òun kì í béèrè ilé wa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, imú ni òun fi ń wá a. Nígbà mìíràn tí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà oko níbí, bí mo bá já ewé elú kan tí mo fi ọwọ́ ra á, mo máa ń gbé ọwọ́ náà sí imú títí n ó fi délé.

Ìyá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni jà nídìí aró. Ó ní bí wọ́n bá jà níbẹ̀, aró yóò kú, aṣọ kò ní gbà á. Ọjọ́ tí ìwọ àti Herbert ọmọ Mọ́níkẹ́ gbé ara yín ṣánlẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù rọ́bà, aró ọjọ́ yẹn kú lóòótọ́, aṣọ jáde bí omi ìfọṣọ. Ìyá mi kò nà ọ́. Ó ní kí èmi tí mo bí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè gbé aṣọ ẹ̀bẹ̀, kí n lọ kúnlẹ̀ fún Mọ́níkẹ́, kí wọ́n tó lè da elú tuntun. Bí elú tuntun náà bá mú, tí aṣọ jáde dúdú, ìjà parí, aṣọ ẹ̀bẹ̀ di ti ẹni tí a bẹ̀. Bí kò bá mú, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n á dá aṣọ náà padà, kálukú á sì lọ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mọ́níkẹ́ gba aṣọ tèmi, ó ń rẹ́rìn-ín. Elú náà mú. Mo sọ fún ara mi pé bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó tún èyí ṣe.

Mo ṣí àpótí mi, mo mú aṣọ tó dára jù níbẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, láti ọdún tí bàbá rẹ ti kú ni mo ti ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo kọ ẹyẹ sí i, mo kọ ewé ọsàn sí i, mo fẹ́ fún Títílọlá kó fi máa pọn ọmọ tó bá bí. Mo ní ọmọ tó ń bọ̀ á dúró de aṣọ mìíràn, kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ ríbi dúró. Mo gbé e lọ sí ilé Olóyè Olúbọ̀dé, alága Ẹgbẹ́ Kànga ní Owódé.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbà mí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ní kí n jókòó sórí àga tó ń jìn, ìyàwó rẹ̀ fún mi ní mínírà láti inú firíìjì tó wà ní pálọ̀, tó ń kùn bí ààfáà tó ń gbàdúà sínú. Mo kúnlẹ̀, mo gbé aṣọ kalẹ̀, mo ní ọmọ mi ti ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n forí jì í. Olóyè ní ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, pé àwọn àgbà tó wà ní Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ó wá gbé àpótí dúdú kékeré kan jáde, nǹkan méjì ń yí nínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé irú fóònù ìgbàlódé kan ni. Mo kí gómìnà, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo dúró kí wọ́n dá mi lóhùn, wọn kò dáhùn. Olóyè ní wọ́n ń gbọ́.

Mo tún ìkúnlẹ̀ ṣe níwájú àpótí náà. Mo ní ọmọ mi kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní ìwé tó kà ló pọ̀ jù fún un. Mo ní gbogbo ohun tí ìjọba bá sọ ló dára, kò ní takò wọ́n mọ́, kí wọ́n dárí jì í. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọdé ni ọ́ lójú mi, mo sọ fún wọn pé o ń tọ̀ sílé títí o fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Olóyè ní kí n tún ibi tí mo ti ní gbogbo ohun tí ìjọba bá sọ ló dára sọ, bóyá wọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo tún un sọ. Ó tẹ àpótí náà pa, ó gba aṣọ, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní mo ti ṣe ohun tó dára fún ọjọ́ ọ̀la rẹ, nítorí pé orí ìdúró ni olórí àwọn alátakò máa ń darúgbó sí, kì í ríjòókòó. Ó ní ní báyìí, wọ́n á wá nǹkan fún ọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìjà ti parí. Lọ kí wọn, kí o fi fìlà Iléyá yẹn lọ.

Ìwé yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Láwàlì, awakọ̀ tó ń ná Èkó, tó yẹ kó mú un wá fún ọ bàjẹ́, ó ń dúró de páàtì. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ká ní o ti gba apá òkè nìkan ni, n kò mọ ojú tí ǹ bá fi wò ọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èmi àti Mọ́níkẹ́ ti pàtẹ aṣọ wa. Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Kànga wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀. Wọ́n lu ìlù díẹ̀, wọ́n pa á, ohùn obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí gómìnà. Mo ní obìnrin yìí mọ èèyàn kí, ohùn rẹ̀ jọ ti ìyá mi. Mọ́níkẹ́ ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní Sàfúrátù, ìwọ ni. Mo ní kò lè jẹ́ èmi, èmi rèé níbí. Ìgbà tó dé ibi tí o ti ń tọ̀ sílé ni mo tó gbà pé èmi ni. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, obìnrin oníyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó ní ẹ ti gbọ́ o, ìyá olórí alátakò fúnra rẹ̀ ló ní gbogbo ohun tí ìjọba bá sọ ló dára, nítorí náà kí àwọn aláró Igbein bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìkòkò wọn.

Mo bi Mọ́níkẹ́ pé ìkòkò wo. Kò lè wo ojú mi. Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri àgbàlá ìyá mi. Wọ́n ní omi aró ń ba ìlú jẹ́, kí gbogbo aláró kó lọ sí ìgbẹ́ kan tí kò sí odò, tí kò sí oníbàárà. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ nípàdé lọ́jọ́ tí o dìde nìyẹn. Wọn kò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ni o bá bọ́ síta. Ó ní òun rò pé mo mọ̀, pé ta ni yóò mọ̀ bí kò bá ṣe èmi tí mo bí ọ. Àjàlá, ìkòkò tí ìyá mi fún mi ni o ń jà fún, èmi sì lọ kúnlẹ̀ fún àpótí pé kí wọ́n dárí rẹ̀ jì ọ́.

Dìran dé, kò kí mi, ó kàn jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ló ní wọ́n ti gbé ohùn mi dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti gbé e dé Ṣàgámù. Ó ní àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ Àkàbà ti ń sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n yan ẹlòmíràn, pé ta ni yóò tẹ̀ lé ẹni tí ìyá rẹ̀ kò tẹ̀ lé. Ó ní òun ti máa ń rí ọ bíi gómìnà lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú. Inú mi bàjẹ́ ju ti ọjọ́ tí mo rí àwòrán rẹ lára ògiri lọ.

Mọ́níkẹ́ ló wá bi mí pé ṣé mo rántí ọdún owó orí obìnrin.

Ṣé mo lè gbàgbé? Ìwọ kò tí ì lè rìn nígbà náà. Wọ́n ní kí àwa obìnrin máa san owó orí, a ní a kò san. A lọ jókòó síwájú ààfin, a pọ̀ débi pé n kò rí ìbẹ̀rẹ̀ wa, n kò rí òpin. Ẹ̀yìn mi ni o wà. Ilẹ̀ ni a sùn, ìrì sẹ̀ sí wa lára, Mọ́níkẹ́ tó jókòó tì mí fi ìborùn rẹ̀ bò ọ́, ibẹ̀ ni a ti mọ ara wa. Nínú àwọn obìnrin yẹn ni a ti rí àwọn tó kọ́ wa ní ìwé lẹ́yìn náà, ìwé tí mo ń kọ sí ọ yìí. Bàbá rẹ á gbé oúnjẹ wá, kò ní kí n bọ̀ nílé, ó kàn máa ń béèrè bóyá o ti jẹun. A kò lu ẹnikẹ́ni. A kàn ní rárá, a kò sì lọ sílé. Wọ́n yọ owó orí náà. Lọ́jọ́ tí a ń padà, mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà ààfin, mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú ìwọ lẹ́yìn mi kí n tó kúrò, nítorí pé ilé ọba ṣì ni.

Láti ìgbà yẹn dé òní, kò sí ẹni tó pe ohun tí a ṣe yẹn ní àtakò létí mi. Àní kò sí. Mo rò pé a kàn ń sọ tẹnu wa ni. Iṣẹ́ tí n kò mọ̀, tí mo ní kí Dìran ṣàlàyé fún mi, èmi ni mo kọ́kọ́ pọ̀n ọ́ lọ síbẹ̀.

Mo dìde. Mo lọ bá ọmọkùnrin inú ọkọ̀, mo ní kó fún mi ní ohun tó ń sọ̀rọ̀ sí. Ó ní Màmá, kì í ṣe tiyín. Mo ní ṣé ohùn mi kọ́ ló wà nínú rẹ̀? Ó tẹ nǹkan kan, ọkọ̀ náà sì dákẹ́ fin. Ni mo bá fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni ẹ gbọ́, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀, n kò sẹ́. Mo ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ìkòkò ìyá mi ni wọ́n fẹ́ hú. Mo ní elú kò mú o, mò ń lọ gba aṣọ mi. Àwọn aláró tó wà lọ́jà kò béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ká aṣọ wọn nílẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe aláró náà tẹ̀ lé wa, oníyọ̀ wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A dé iwájú ilé Olóyè, a jókòó sílẹ̀. A kò sọ òkò, a kò ṣépè. Olóyè jáde, ó ní kí ló dé, ẹ̀yin ìyá wa. Mo ní mo wá gba aṣọ mi àti ẹ̀bẹ̀ mi. Ó ní wọn kì í gba ẹ̀bùn padà. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bùn, aṣọ ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ kò sì wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ sílé, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A kò lọ. Oòrùn gbóná, Mọ́níkẹ́ nà ìborùn lé orí àwa méjèèjì, ó ní ṣé kò sí ọmọ ẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. A ti dàgbà, Àjàlá, eékún ń dùn wá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí inú mi kò ṣe dùn láti ọdún tí mo ti kúrò ní Igbein.

Kò pẹ́ tí wọ́n kírun àsárì tán ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó Olóyè ló gbé aṣọ náà jáde. Àdìrẹ tí ìyá mi kọ ló ró mọ́dìí, ó ti gbó, mo sì dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ mi fún mi. Mo rí Olóyè lẹ́yìn kọ́tìnì. A dìde, a kúnlẹ̀ kí ilé náà, mo ní ẹ kú ilé o, a dúpẹ́ mínírà ọjọ́sí, a sì lọ.

N kò mọ bí ọjọ́ ọ̀la rẹ ṣe máa rí. Dìran ní gbogbo Owódé ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun ti kọ̀wé sí wọn ní ìpàdé yín, ó tún ti ń rí ọ bíi gómìnà. Ara Dìran tètè máa ń yá. Olóyè ní orí ìdúró lo ti máa darúgbó. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ ti inú aró jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti bàjẹ́, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló tó ń dúdú. Nítorí náà n kò tí ì ní nǹkan kan sọ lórí tìrẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Mọ́níkẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé àwọn ìkòkò wa ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì da elú sí wọn lánàá.

Láwàlì ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé yìí, ó ń rùn fún káńfò inú àpótí Olóyè, kí Títílọlá sá a síta díẹ̀ kó tó fi pọn ọmọ. Jọ̀ọ́, bí o bá ní, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù ilé ìdáná, àti ti bátìrì rédíò, nítorí mo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan láti sọ fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá sì rí irú àpótí dúdú yẹn rà ní Èkó, rà á fún mi. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó báyìí.

Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa níwájú ààfin yóò gbọ́ tìrẹ. Kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lórí ìdúró, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó. Títílọlá yóò gbọ́ ohùn ìyá, yóò gbọ́ ohùn ọmọ. Má bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí mo sọ sínú àpótí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá ọ bẹ̀bẹ̀ mọ́, èmi náà wà nínú wọn. Ìpàdé tí wọ́n bá tún pè ọ́ sí, lọ. Bí wọn kò bá jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ àwọn ìkòkò wa, dìde kí o máa bọ̀. Takò wọ́n dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí o tó jáde, kí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù aláró.